Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ọgbà

Àwọsánmà náà ti gbọ́rọ̀ sí Morádéyọ̀ lẹ́nu. Láti orí àpáta ló ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, ó ti kọjá orí ilé ìkàwé, ó kù díẹ̀ kó dé orí oko ọgbà, àfi bó ṣe dúró gbọin-in lójú ọ̀run. Morádéyọ̀ fa okùn ìmọ́lẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọsánmà kò mira. Ó tún un fà. Àwọn àṣá irin méjèèjì tó ń ti àwọsánmà náà lẹ́yìn wá rọra sọ̀kalẹ̀, wọ́n bà sórí koríko, wọ́n ká apá wọn kò bí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí.

"Ṣíjú, kí lo tẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Gúgúrú ni mo ń jẹ o." Orí àpótí àṣá ni Ṣíjúadé jókòó sí. Yàrá kan náà ni òun àti Morádéyọ̀ ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti wọ yunifásítì, ẹ̀ka ìmọ̀ òjò kan náà ni wọ́n sì wà. "Bóyá àwọsánmà rẹ ti gbọ́ pé ọ̀la ni ìdánwò, ó ní kí òun lọ sùn díẹ̀. Òun tiẹ̀ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Morádéyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìdánwò òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní Òkè-Ọyẹ́. Ẹni tó bá fa àwọsánmà láti orí àpáta, tó sì mú òjò rọ̀ sórí oko lójú àwọn olùkọ́, ó ti di olójò nìyẹn. Wọn á fún un ní àṣá tirẹ̀, á sì kó wọn lọ sí ìlú rẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú Morádéyọ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti fúnra rẹ̀ rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbẹ́ adágún sílẹ̀ dè é, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe adágún náà kí ẹ̀kán omi kan tó kán sínú rẹ̀. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó wúwo lórí ẹni tó rù ú.

Ibi tó ti ń nu òógùn ojú rẹ̀ ni ohùn kan ti bọ́ sí wọn létí, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Mo ń wá ọmọ kan."

Olùdáhùn ni. Nínú ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń fi há ẹ̀yìn etí ló ti ń sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, ìka ni àwọn èèyàn fi ń tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn á wá máa ṣa òótọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ti àwọn Morádéyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á bi Olùdáhùn, Olùdáhùn á sì dáhùn. Òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń fa omi, òun ló ń da àwọsánmà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ rí kó fúnra rẹ̀ béèrè nǹkan.

"Ara ń ni ọmọ kan nínú ọgbà yìí," ni ohùn náà ń bá a lọ. "Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní oorun kì í kùn ún. Wọ́n ní ó máa ń ṣí omi balùwẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń rẹ́rìn-ín jù láàárín ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè fura. Lánàá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún mi pé ọmọ náà ti ń rò ó pé bí òun kò bá sí mọ́, ara á tu àwọn ará ilé òun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a, n kò rí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀wọ́ mú un wá sí gbọ̀ngàn. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ohun mìíràn títí n ó fi rí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Ṣíjúadé dá ẹnu rẹ̀ dúró lórí gúgúrú. Okùn ìmọ́lẹ̀ kú mọ́ Morádéyọ̀ lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé ó kú. Òun ni. Òun ló sọ ọ́ lánàá, nídìí ògiri ilé àṣá, nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run gangan tí gbogbo èèyàn sì ń jẹun ọ̀sán. "Ọ̀rẹ́ mi kan ni o," ló fi ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe máa ń fi ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ mọ́ ọkàn.

Òfin Ìsinmi ló fà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkàn òun dàrú, wọn á so okùn funfun mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sílé kí oòrùn tó wọ̀, kó lọ fi odidi ọdún sinmi. Kò sí ìkà nínú òfin náà. Àwọn tó ṣe é fẹ́ràn ọmọ, wọn ò kàn bi ọmọ léèrè ni. Ẹ̀gbọ́n Morádéyọ̀, Adéṣínà, wọ okùn náà wálé lọ́dún kan. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kó mú ọ̀bẹ tàbí kó dá iná, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìyá wọn á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n tú okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọn ò tú u lójú wọn. Nítorí náà, láti ìgbà tí òfin ti dé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ọyẹ́ kan tí ọkàn rẹ̀ dàrú mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn nìkan ni.

"Ta ni wọ́n lè máa wá?" Ṣíjúadé béèrè, ó ń wo ibòmíràn.

"Mi ò mọ̀," ni Morádéyọ̀ dáhùn. "Jẹ́ ká lọ."

Ọgbà náà ti pa rọ́rọ́. Wọ́n bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó ti máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan dúró lórí àtẹ̀gùn tó kọ̀ tí kò gbé e, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Lókè wọn, àwọsánmà Morádéyọ̀ dúró síbi tó wà, òjìji rẹ̀ bo òrùlé gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ tó mọ gbogbo nǹkan láyé fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ kan. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí èèyàn rọra máa rìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóníyì ni wọ́n bá níwájú gbọ̀ngàn, obìnrin kékeré kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó sì jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn funfun kan wà ní ìka rẹ̀. Ó ti ń pe àwọn tó ti béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wọ̀nyí rí jáde, pé kí wọ́n fúnra wọn bọ́ síta, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Ọmọkùnrin gíga kan láti ẹ̀ka afárá ló kọ́kọ́ jáde.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi béèrè. Ọ̀rẹ́ mi ni o, kì í ṣe èmi."

"Mo gbọ́. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀, mà?" Ọmọkùnrin náà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "A kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ara wa lórúkọ."

"Yàrá wo ló ń gbé?"

"Òun ló máa ń wá síbi tí mo bá wà, mà."

"Ọ̀rẹ́ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, tí o kò mọ ilé rẹ̀, lo wá ń dààmú nítorí rẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan tún jáde, ó ní ọ̀rẹ́ tòun ti rìnrìn àjò. Ẹlòmíràn ní òun àti ọ̀rẹ́ òun ń jà lọ́wọ́ báyìí, wọn kì í kí ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè mú ọ̀rẹ́ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì, okùn ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bóyá ẹ kò mọ̀ ọ́n lórúkọ ni," Olùdáhùn wí, lọ́tẹ̀ yìí láti inú ògiri fúnra rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá dá a mọ̀ kó sọ̀rọ̀."

Ìmọ́lẹ̀ bá yọ láti inú ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Ó rọra ń ga, ó ń ga, títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, torí bí ojú rẹ̀ bá dà bí ti ẹnìkan, kí onítọ̀hún tó mí, ó ti di ti ẹlòmíràn. Ó ń jẹ èékánná. Ó ń fọwọ́ ra àyà. Ó fẹ̀gbẹ́ ti nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn, ẹ̀rín tó dùn ún wò. Morádéyọ̀ rí i tó ń fi àtàǹpàkò ra etí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí òun náà ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Olùdáhùn ti yọ ohùn oníkálukú kúrò kí àṣírí má baà tú, ohùn kan ṣoṣo ló kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ni, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

"Ọ̀rẹ́ mi kan kì í lè jẹun. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o, ọmọ tó máa ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sunkún. Kì í ṣe wèrè. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kí ni mo lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi kí ó má máa bá ara rẹ̀ jà bẹ́ẹ̀? Èèyàn dáadáa ni, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kọ́ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Bó bá dúró níwájú kíláàsì báyìí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún, torí òun ni gbogbo èèyàn ń sọ tiwọn fún."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn, torí akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́ni. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóníyì tó fi ń yí okùn ti dúró.

Ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu ọmọ náà. Ó ń sọ, ó ń sọ. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, ó gbèjà ara rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ gidi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn gbójú sókè, ẹnu wọn yà sílẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti dá mi ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè," Olùdáhùn wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "N kò tíì rí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó báyìí. Bí ẹ bá ń bi mí nípa ara yín, ìdánwò lẹ máa ń béèrè, tàbí oúnjẹ. Bó bá kan ọmọ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni. Ta ni? Níbo ló wà?"

Nígbà náà ni ọmọ ìmọ́lẹ̀ náà sọ gbólóhùn ti àná. Morádéyọ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ohun tí kò rántí ni èyí tó sọ tẹ̀ lé e. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni ọmọ náà wí láti òkè, pẹ̀lú ojú tó ti di tirẹ̀ díẹ̀. "Ó máa ń tọ́jú gbogbo èèyàn. Kò yẹ kó máa nìkan jẹ ìyà náà."

Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun tó jẹ́ pé bó bá wo dígí láàárọ̀, èébú ló fi ń kí ara rẹ̀. Àánú ọmọ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe é débi pé ó fẹ́ fà á mọ́ra, kó tó yé e pé ara òun ni àánú ń ṣe. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ láti fi í pa mọ́, ó sì rí i pé Ṣíjúadé ń sunkún láìfọhùn, gúgúrú tí kò tíì gbé mì kún ẹnu rẹ̀. Ṣíjúadé aláwàdà. Ṣíjúadé tó máa ń pẹ́ ní balùwẹ̀ tí Morádéyọ̀ fi máa ń gbá ilẹ̀kùn pé ṣé omi gbogbo Òkè-Ọyẹ́ ló fẹ́ wẹ̀ tán ni.

Ó rántí ìdánwò ọ̀la. Ó rántí adágún gbígbẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àti Adéṣínà níwájú àwo iṣu tí wọ́n ti bá a gé. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n Olùdáhùn yóò máa wá ọmọ tí kò sí kiri, àwọn ọmọ tó wà yóò sì máa wò ó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, àwọn ọmọ sì ti há a sórí, wọ́n kàn há a sórí lásán ni.

Ó di ọwọ́ Ṣíjúadé mú, ó rọra fún un pọ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó rìn lọ síwájú títí ìmọ́lẹ̀ ọmọ náà fi bọ́ sí i lára.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Èmi ni."

"Ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀," Olùdáhùn wí. "Mo mọ ìyẹn. Òun gan-an ńkọ́?"

"Kò sí òun kankan. Èmi tí mo sọ̀rọ̀ lánàá, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo sọ."

Gbọ̀ngàn hó yéè.

"Kò lè jẹ́ ìwọ nìkan," Olùdáhùn wí. "Ọmọ yìí ń gbé ní gbogbo ilé. Ó wà ní gbogbo ẹ̀ka."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí pé àwọn tó ń béèrè wà ní gbogbo ẹ̀ka." Morádéyọ̀ wo ọmọ ìmọ́lẹ̀ náà. "Níbí, bí nǹkan bá ń ṣe èèyàn tó ń tì í lójú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń fi sọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a. Àwọn ìyá wa sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, àwọn bàbá wa sọ bẹ́ẹ̀ fún àlùfáà. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ló yẹ kó yé. Kò sẹ́ni tó rò ó pé o máa gbà wá gbọ́."

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn kí èèyàn tó pa ẹnu dé, ó dákẹ́ fún ìgbà tó gùn débi tí wọ́n fi gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lórí òrùlé.

"Ohun tí ẹnu bá sọ nìkan ni òfin gbà mí láyè láti gbà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé ẹnìkan ni. Mo rò pé ẹnìkan ló ń jìyà, tí gbogbo yín sì ń ṣàánú rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó béèrè. Ṣé kí n pè wọ́n jáde, kí o má baà nìkan dúró síbẹ̀?"

Ìbéèrè náà le. Ó rọrùn kí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá nìkan wọ okùn, òun ni alárùn. Bí gbogbo ọgbà bá wọ̀ ọ́, ta ló kù tó máa nàka? Kò rí Ṣíjúadé mọ́ láàárín èrò, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà.

"Rárá," ó ní. "Má pe ẹnikẹ́ni. Kí oníkálukú sọ tirẹ̀ nígbà tó bá lè sọ ọ́."

Ó bá yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ jáde kí wọ́n so okùn náà mọ́ ọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóníyì mú ọrùn ọwọ́ náà, ó dì í mú, kò sì so okùn mọ́ ọn. Ó wo ọmọ ìmọ́lẹ̀ tó dúró lókè wọn. Ojú ọmọ náà ń yí padà síbẹ̀, ó wá kan ojú kékeré kan tó ti ń hun jọ bí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó fi ara balẹ̀ jù, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ni yẹn?"

Ó gbé okùn náà sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Èmi ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì so okùn funfun náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi eyín fa kókó rẹ̀ le, bí ẹni tó ń di ẹrù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn èèyàn, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju bó ṣe máa ń wà lọ. "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mú wá, ẹ má bínú. Àpótí tó kù wà lórí tábìlì mi. Kí ẹnìkan bá mi lọ gbé e. Òfin ní kí ẹni tó bá wọ okùn kúrò lọ́gbà kí oòrùn tó wọ̀, mo fẹ́ kí àwọn tó ṣòfin wá fojú ara wọn rí iye ọkọ̀ tí yóò gbà."

Ẹsẹ̀ kan wá dún láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ń lọ sí ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Morádéyọ̀ mọ ìró bàtà náà. Ó ti ń gbọ́ ọ nínú yàrá kan náà láti ọjọ́ yìí wá.

Ọmọ ìmọ́lẹ̀ ń kéré bọ̀. Ó ti ga tó àjà, ó wá ga tó igi, ó ga tó èèyàn, títí òun àti Morádéyọ̀ fi dọ́gba, wọ́n wo ara wọn, ó sì wọlẹ̀ lọ. Àwọn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí fúnra wọn.

"Morádéyọ̀," Olùdáhùn pè é, nínú ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀yìn etí rẹ̀ nìkan lọ́tẹ̀ yìí, "o kú ìrọ́jú. Ṣé o rí oorun sùn lánàá?"

Ó la ẹnu. "Ọ̀rẹ́ mi kan" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti múra tán láti jáde bó ṣe máa ń jáde. Ó gbé e mì.

"Rárá," ó ní. "Mi ò sùn."